Nígbà tí Ọmọ bá ń Gbọ́ Ohùn tí Ẹlòmíràn kò Gbọ́

Láti Kétu dé Ṣábẹ̀, láti Pọ́bẹ̀ dé Àjàṣẹ́, ẹ̀kọ́ kan wà tí àwọn àgbà kì í gbàgbé láti kọ́ ọmọ. Wọ́n á ní: bí o bá gbọ́ tí a pe orúkọ rẹ ní ọ̀sán gangan tàbí ní òru, tí o kò sì rí ẹni tí ó pè ọ́, má ṣe dáhùn. Ọmọ á gbọ́, á sì fi í sọ́kàn. Ẹ̀kọ́ yìí ti pẹ́, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ bá àwọn àgbà jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní apá kan tí ènìyàn kì í sábà rò. Ọmọ tí ó bá ń gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, tí kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, tí ó jẹ́ ojoojúmọ́, ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun ẹ̀rù ni. Ó ti mọ̀ pé kò yẹ kí òun dáhùn. Láti ibẹ̀, kò pẹ́ kí ó tó rò pé kò yẹ kí òun sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe ń dákẹ́. Ìyá á kíyè sí i pé ọmọ òun ń bojú wẹ̀yìn nígbà tí kò sí ẹni tí ó pè é. Olùkọ́ á rí i tí ó fi ọwọ́ di etí nínú kíláàsì tí gbogbo ènìyàn ti dákẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bá a nídìí igi máńgòrò tí ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọn á sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá fi máa dé agbo ilé, ìdájọ́ ti délẹ̀. Ọ̀kan á ní ọmọ náà ti ń ya wèrè. Èkejì á ní emèrè ni, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀kẹta á rọra sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó kan nínú ilé ni. Nínú gbogbo àpérò yìí, ẹnìkan ṣoṣo ni a kò bi léèrè ọ̀rọ̀, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Ọmọ náà ni.

Àwọn Yorùbá ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú ọ̀ràn yìí, ọmọdé nìkan ni ó mọ ohun tí ó ń gbọ́. Àgbà tí ó bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́tí sí i.

Ọmọ náà kò dá nìkan wà

Ní ìlú Groningen, ní àríwá ilẹ̀ Họ́láǹdì, àwọn oníwádìí kan bi ọmọ 3,870 ní ìbéèrè. Ọmọ ọdún 7 àti ọdún 8 ni wọ́n, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n bi wọ́n bóyá, láàárín ọdún kan sẹ́yìn, wọ́n ti gbọ́ ohùn tí ń sọ̀rọ̀, tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Nínú ọmọ 100, ọmọ 9 dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi èyí wé kíláàsì tí ọmọ 50 bá jókòó sí: ó lè tó ọmọ 4 tàbí 5. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó dí wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún 5, àwọn oníwádìí padà lọ bá àwọn tí ó ti sọ pé àwọn ń gbọ́ ohùn. Nínú ẹni 100, nǹkan bí ẹni 24 ni ó ṣì ń gbọ́ ọ. Ní ti àwọn yòókù, ohùn náà ti bá tirẹ̀ lọ.

Kí òbí tí ẹ̀rù ń bà ka ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀mejì. Pé ọmọ ń gbọ́ ohùn kò túmọ̀ sí pé ó ti di wèrè. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹ̀fọ́rí. Ẹ̀fọ́rí lè jẹ́ ti oòrùn, ó lè jẹ́ ti ibà, ó sì lè jẹ́ ti ohun tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí yóò rí ọmọ tí orí ń fọ́ kí ó sọ pé ayé rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rí i kí ó má bìkítà.

Ní ilẹ̀ Họ́láǹdì yìí kan náà, obìnrin kan wà tí ó yí ọkàn dókítà rẹ̀ padà. Patsy Hage ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 8 ni nígbà tí iná jó o gidigidi, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń gbọ́ ohùn. Nígbà tí ó dàgbà, ó ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́ Marius Romme, dókítà àrùn ọpọlọ ní ìlú Maastricht. Dókítà náà ka ohùn sí àmì àìsàn lásán, kò wádìí ohun tí wọ́n ń sọ. Obìnrin náà wá bi í léèrè ìdí tí àwọn ènìyàn fi lè gba Ọlọ́run tí wọn kò rí gbọ́, tí dókítà kò sì lè gbà pé òun ń gbọ́ ohun tí òun ń gbọ́. Ìbéèrè náà wọ dókítà lára. Ní ọdún 1987, àwọn méjèèjì jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní kí ẹni tí ó bá ń gbọ́ ohùn kàn sí àwọn. Nǹkan bí ènìyàn 700 ni ó dáhùn. Nínú wọn, 450 ni ó ń gbọ́ ohùn. Ohun tí ó ya dókítà lẹ́nu jù ni pé 150 sọ pé àwọn ti mọ bí àwọn ṣe ń bá ohùn náà gbé, tí iṣẹ́ àti ilé àwọn sì ń lọ dáadáa.

Sandra Escher, tí ó bá Romme ṣiṣẹ́, gbé ìwádìí náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Ọmọ 80 ni ó tẹ̀lé fún ọdún 3. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 8, èyí tí ó dàgbà jù jẹ́ ẹni ọdún 19. Kí ọdún 3 náà tó pé, ohùn ti dákẹ́ fún ẹni 60 nínú 100. Ó tún rí i pé fún ọ̀pọ̀ wọn, ohùn kò kàn dé lásán. Ikú ti wọ ilé, tàbí àwọn òbí ń jà, tàbí àwọn ẹgbẹ́ ń fìyà jẹ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, tàbí ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án ní ọ̀nà tí kò yẹ.

Ibi tí ohùn ti ń wá

Gbogbo ènìyàn ni ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú. Ìyá tí ó ń ṣírò owó ọjà lọ́kàn àti àgbẹ̀ tí ó ń rò ó bóyá òjò yóò rọ̀, ọ̀rọ̀ ni àwọn méjèèjì ń sọ láìlanu. Ọpọlọ wọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ara wọn ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé nígbà tí ọpọlọ bá rẹ̀, tàbí tí ìpayà bá bò ó, ó lè ṣi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mú, kí ó gbọ́ ọ bí ẹni pé láti òde ni ó ti wá. Fún ẹni tí ó ń gbọ́ ọ, ohùn gidi ni. Ọmọ náà kò parọ́. Ìdí nìyí tí kò fi ṣàǹfààní láti jágbe mọ́ ọn pé kò sí ohun tí ó ń gbọ́. Ó gbọ́ ọ.

Ohun tí ó lè mú kí èyí ṣẹlẹ̀ sí ọmọ pọ̀. Àìsùn jẹ́ ọ̀kan. Ibà líle jẹ́ òmíràn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń bọ̀ nísàlẹ̀. Oríṣi wárápá kan wà tí kì í gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Ohùn tàbí òórùn tí kò sí ni ó fi máa ń hàn. Ìbànújẹ́ náà ń ṣe é. Ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lè gbọ́ kí ó pe òun láàárọ̀ bí ó ti máa ń pè é. Èyí wọ́pọ̀, àgbàlagbà pàápàá ń gbọ́ irú rẹ̀, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí oorun fẹ́ gbé lọ, tàbí tí kò tíì jí tán, lè gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láìjẹ́ pé àìsàn kankan wà lára rẹ̀. Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tí ń fa èéfín kpayo tàbí gọ́ọ̀mù símú, tí ń mu igbó, tàbí tí ń gbé tramadol mì kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ láìrẹ̀ wọ́n, ara wọn lè sọ fún wọn láìpẹ́ pé ó ti tó. Òbí ní láti béèrè nípa èyí, kí ó sì béèrè láìmú pàṣán lọ́wọ́.

Ó tún ku ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, èyí tí àwọn Fọ̀n ń pè ní vidomègon. Ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lábúlé, ó dé ìlú tí kò mọ ẹnìkan. Òun ni ó ń kọ́kọ́ jí nínú ilé, òun ni ó ń sùn kẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ àfi ẹni tí ó bá fẹ́ rán an níṣẹ́. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn, ìdí rẹ̀ kì í jìnnà láti wá.

Ẹ̀sìn àti àṣà ńkọ́? Ní Àjàṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò sọ pé gbogbo ohùn ni àìsàn. Ìlú yìí ni Samuel Oshoffa, káfíńtà, ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní ọdún 1947, lẹ́yìn ohun tí ó ní òun rí tí òun sì gbọ́ nínú igbó. Ní ilé òrìṣà pẹ̀lú, ẹni tí a pè kì í ṣe ẹni ẹ̀gàn. Kò di dandan kí ìdílé kọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lè ran ọmọ lọ́wọ́. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n wò ni ọmọ fúnra rẹ̀. Ǹjẹ́ ó ń jẹun? Ǹjẹ́ ó ń sùn? Ǹjẹ́ ó ń bá ẹgbẹ́ ṣeré? Ǹjẹ́ ohùn náà ń fi í lọ́kàn balẹ̀, àbí ó ń dá a lóró? Bí ó bá ń dá a lóró, orúkọ yòówù tí a lè pè é, ọmọ náà nílò ìrànlọ́wọ́.

Ìjókòó àkọ́kọ́

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ibi tí òwe yìí ti wúlò jù ni ibi ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan sọ ọ́. Ọmọbìnrin ọdún 10 kan ti abúlé wá gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin náà rí i lẹ́yìn ilé níbi tí ó ti ń fọ abọ́. Ọmọ náà ju kànrìnkàn sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Obìnrin náà kò pariwo. Ó fa àpótí kan, ó jókòó tì í, ó bá a fọ abọ́ díẹ̀ kí ó tó la ẹnu.

“Mo rí i pé o di etí rẹ. Ṣé ariwo ni?”

“Rárá, Tàǹtí. Kò sí nǹkan.”

“Mi ò bínú sí ọ. Bí ẹnìkan bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ tí èmi kò gbọ́, o lè sọ fún mi.”

Ọmọ náà dákẹ́, ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Ẹ ò ní sọ pé àjẹ́ ni mí?”

“Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ọkùnrin kan ni. Ó ń sọ pé mi ò wúlò fún nǹkankan.”

“Ìgbà wo ni ó máa ń dé?”

“Bí mo bá dá wà. Àti lóru, bí gbogbo yín bá ti sùn.”

“Ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ yẹn kò dára, ẹ̀rù á sì máa bà ọ́. Ṣé ó ti ní kí o ṣe ara rẹ léṣe rí, tàbí kí o ṣe ẹlòmíràn léṣe?”

“Ó ní kí n bẹ́ sínú kànga, Tàǹtí.”

Obìnrin yìí kò sọ pé ohùn kò sí. Kò sì díbọ́n pé òun náà gbọ́ ọ, nítorí bí àgbà bá parọ́ pé òun gbọ́, ẹ̀rù ọmọ á di ìlọ́po méjì. Ohun tí ó gbà ni pé ọmọ ń gbọ́ ọ, àti pé ẹ̀rù ń bà á. Ó jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pẹ́ bí ó ti wù kí ó pẹ́. Ó ku ìbéèrè méjì tí ó lè bi í ní ọjọ́ mìíràn, nígbà tí ọkàn ọmọ bá ti balẹ̀: ìgbà wo ni ohùn yìí kọ́kọ́ dé, kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ ní àkókò náà? Níbẹ̀ ni okùn ọ̀rọ̀ máa ń wà.

Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn ìjókòó náà máa ń ṣòro lẹ́nu òbí. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá béèrè nípa ikú, àwọn ni yóò fi í sí ọmọ lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà máa ń béèrè rẹ̀ ní gbangba, nítorí ọmọ tí kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ yóò kàn sọ pé rárá. Èyí tí ó ti ń dá ru ẹrù náà láti oṣù mélòó kan á mí kanlẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá bá a dárúkọ rẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí ohùn náà ń sọ: kò wúlò fún nǹkankan. Ohun tí ohùn ń sọ máa ń jọ ohun tí ọmọ ti gbọ́ lẹ́nu ènìyàn. Ta ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Bóyá olùkọ́ ni. Bóyá ẹ̀gbọ́n ni. Bóyá Tàǹtí fúnra rẹ̀ ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí abọ́ kan fọ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó rí bẹ́ẹ̀. Nínú ilé tí ó kún fún ìfẹ́ pàápàá, ọmọ lè gbọ́ ohùn. Ṣùgbọ́n ilé tí ó bá ní ìgboyà láti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí ọmọ bá sì jẹ́wọ́ pé ẹnìkan ń fọwọ́ kan òun tàbí pé ó ti bá òun lò pọ̀ tipátipá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn mọ̀lẹ́bí ń parí sábẹ́ òrùlé. Kí a mú ọmọ kúrò ní àrọ́wọ́tó ẹni náà, kí a sì mú un lọ sí ilé-ìwòsàn àti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá.

Nígbà tí kò sí àyè fún ìdúró

Ọ̀rọ̀ kànga yẹn yí gbogbo nǹkan padà. Láti ìṣẹ́jú náà, ọmọ kò gbọ́dọ̀ dá wà, ìbáà ṣe ọ̀sán tàbí òru. Kí a bo kànga, kí a sì tì í. Kí a kó ọ̀bẹ àti oògùn kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. Ní agbègbè Kétu àti Ṣábẹ̀ tí a ti ń gbin òwú, kí a rántí oògùn apakòkòrò pẹ̀lú: inú ilé kọ́ ni ó yẹ kí ó wà. Kí àgbàlagbà kan sùn tì í. Kí a sì mú un lọ sí ilé-ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, láìdúró de ọjọ́ ọjà tàbí ìparí ọ̀sẹ̀.

Ibà náà kì í dúró de ẹnìkan. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, tí ó ń gbọ́ tàbí tí ó ń rí ohun tí kò sí, lè jẹ́ ẹni tí ibà ti wọ inú ọpọlọ rẹ̀. Irú ibà yìí lè pa ọmọ láàárín ọjọ́ kan. Bí ọrùn rẹ̀ bá le, bí gìrì bá mú un, bí kò bá dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́, ilé-ìwòsàn ni kí a sáré gbà. Ẹni tí ó fẹ́ gbàdúrà lè máa gbà á lórí ọ̀kadà títí wọn yóò fi dé ibẹ̀. Ọlọ́run ń gbọ́ ti ojú ọ̀nà.

Bí kò bá sí ibà, tí kò sì sí àṣẹ ikú, àyè díẹ̀ wà. Síbẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá tí ohùn kò dẹ̀yìn, bí ọmọ kò bá sùn, bí ó bá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, bí ó bá ń rò pé wọ́n fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ, kí a mú un lọ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Dókítà àti ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀

Ilé-ìwòsàn tí ó súnmọ́ ilé ni ìbẹ̀rẹ̀. Wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí ibà, wọn yóò yẹ etí wò, wọn yóò béèrè nípa oorun àti oúnjẹ àti oògùn tí ọmọ ti lò. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọn yóò kọ ìwé lọ sí Kútọnu, níbi tí ilé-ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Jacquot. Dókítà lè kọ oògùn, ó sì lè má kọ ọ́. Ọmọ púpọ̀ wà tí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó fún. Bí ó bá kọ ọ́, kí a lò ó bí ó ti kọ ọ́. Kí a má ṣe dá a dúró lójijì nítorí pé ohùn ti dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Bí ara ọmọ bá ń le gbagidi, tàbí tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí ó ń sùn ní gbogbo ọjọ́, kí a padà lọ sọ fún dókítà, nítorí ó lè dín oògùn náà kù tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan ṣì wà tí ń de ẹni tí ń gbọ́ ohùn mọ́ igi. Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ó lọ ń ṣiṣẹ́ táyà ní Bouaké ní Côte d'Ivoire, ti lo ìgbésí ayé rẹ̀ láti máa já irú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Saint-Camille tí ó dá sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou, létí Àjàṣẹ́, àti ní Bohicon. Ohun tí ó yẹ kí àwọn ìdílé mọ̀ nípa ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ti jẹ́ aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ lánàá ni ó ń fún ẹlòmíràn ní oògùn lónìí.

Ní òdìkejì ààlà, ní Abẹ́òkúta, Thomas Adeoye Lambo ti ṣe ohun tí ó jọ èyí láti ọdún 1954 ní ilé-ìwòsàn Aro. Kò gbà pé kí a ti aláìsàn mọ́lé nìkan. Ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé ní abúlé tí ó yí Aro ká, pẹ̀lú ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó tẹ̀lé wọn wá, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì máa bá ará abúlé gbé ìgbésí ayé wọn. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà bá a ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ìdílé tí ó bá fẹ́ lọ bá babaláwo tàbí wòlíì tàbí àlùfáà lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìfi dókítà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ojú sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a na ọmọ kí ohùn tó jáde, kí a fi ebi pa á, kí a fi ata sí i lójú, tàbí kí a dè é, kì í ṣe olùtọ́jú. Òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lórí ọmọdé, òfin 2015-08 ti ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 2015, ka ìwà ipá sí ọmọ léèwọ̀, ẹni yòówù kí ó hù ú.

Láti ọjọ́ dé ọjọ́

Dókítà kì í bá ọmọ sùn sílé. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn ará ilé, kò sì gbówó lórí. Ohùn máa ń lágbára nígbà tí ọmọ bá dá wà tí gbogbo ibi sì dákẹ́; nítorí náà orin kíkọ, rédíò, ìtàn àgbà ní alẹ́, ayò títa, kíka ìwé sókè, gbogbo rẹ̀ ń dín agbára rẹ̀ kù. Àwọn ọmọ kan kọ́ láti dá ohùn lóhùn nínú pé kò tíì tó àkókò, kí ó padà wá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ó lè pa àgbà lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá rí i pé ohùn gbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ pé òun náà ní àṣẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Oorun tí ó tó ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ti rò lọ. Ọmọ tí ó bá ń jí ní agogo mẹ́rin láti pọnmi kí ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, oògùn yòówù tí ó lè máa lò.

Kí olùkọ́ mọ̀, kí ó sì mọ̀ láti ẹnu òbí kí ó tó gbọ́ ọ lọ́jà. Ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀: kí ó jẹ́ kí ọmọ jókòó níwájú, kí ó jẹ́ kí ó jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ohùn bá le, kí ó sì fòpin sí yẹ̀yẹ́. Kí a sọ òtítọ́ fún àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú, ní ọ̀rọ̀ ṣókí, kí wọ́n má baà máa sá fún un.

Ẹni tí ó ti mọ ìwé kọ ní ohun èlò kan tí àwọn ìyá wa kò ní. Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tó. Ní alalẹ́, kí ó kọ ọjọ́, bí ọmọ ṣe sùn, iye ìgbà tí ohùn dé, ibi tí ó bá a, àti ohun tí ó mú kí ó lọ. Kò pọn dandan kí ó gùn. Nígbà tí dókítà bá béèrè pé báwo ni oṣù yìí ṣe rí, òbí kò ní máa wojú òrùlé kí ó tó rántí. Yóò kàn ṣí ìwé náà. Ojú ewé rẹ̀ lè rí báyìí:

Ọjọ́ Ajé. Ó sùn láti agogo 9 alẹ́ dé agogo 5. Ohùn dé lẹ́ẹ̀kan, níbi tí ó ti ń fọ abọ́. Ó kọrin, ohùn lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò jẹun alẹ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ohùn dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo sùn tì í.

Ọjọ́rú. Mo lọ rí olùkọ́. Ohùn dé lẹ́ẹ̀kan, lóru.

Ọjọ́bọ̀. Ohùn kò dé. Òun àti àbúrò rẹ̀ ta ayò, ó borí lẹ́ẹ̀mejì.